Kíkó Ẹgbẹ́ láti Àkúrẹ́ Lọ Wo Ilé Ìtọ́jú Séálì

Ọsibítù ni ilé ìtọ́jú ẹran òkun. Ẹran tí ẹ máa bá níbẹ̀ ń ṣàìsàn, tàbí ó gbọgbẹ́, tàbí ó ti yapa mọ́ ìyá rẹ̀ nígbà tí kò tíì lè dá jẹun. Wọ́n gbé e wá kí ara rẹ̀ lè yá, kó sì padà sínú òkun. Gbogbo òfin tí wọ́n máa kà sí yín létí lẹ́nu ọ̀nà, ibẹ̀ ló ti wá. A kì í wọ wọ́ọ̀dù àwọn ọmọ ọwọ́ ká máa pariwo, a kì í sì í nawọ́ gbé ọmọ ọlọ́mọ lórí bẹ́ẹ̀dì. Olùkọ́ tó bá ti fi èyí yé àwọn ọmọ rẹ̀ ní Àkúrẹ́ kí bọ́ọ̀sì tó gbéra, iṣẹ́ rẹ̀ yóò fúyẹ́ gan-an lọ́hùn-ún.

A kọ èyí fún olùkọ́, olórí kíláàbù àti ẹgbẹ́ òbí tó ń gbèrò láti kó nǹkan bí ọmọ 24 lọ. Ilé ìtọ́jú séálì tó wà ní èbúté Lauwersoog, ní àríwá Nẹ́dálándì, la fi ṣe àpẹẹrẹ. Abúlé Pieterburen ló ti bẹ̀rẹ̀ ní 1971, ó sì kó wá sí Lauwersoog ní 2025, létí Òkun Wadden tí UNESCO kọ mọ́ àwọn ogún àgbáyé ní 2009. Bó bá jẹ́ ibòmíràn lẹ ń lọ, bíi ti Sausalito ní California tó ti wà láti 1975, ìwé ìrìnnà ló máa yàtọ̀. Òfin inú ilé kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀.

Séálì gan-an kì í ṣe àjèjì orúkọ sí wa. Ẹni tó bá ti ka Ẹ́kísódù nínú Bíbélì Yorùbá àtijọ́ ti pàdé awọ séálì níbi tí wọ́n ti ń ṣètò àgọ́. Ẹran tí ń fọ́mọ lọ́mú ni, ó ń mí afẹ́fẹ́ bíi tiwa, ó lè wà lábẹ́ omi fún ìgbà pípẹ́, ó sì ń gun orí iyanrìn láti sinmi. Ẹ sọ ìyẹn fún àwọn ọmọ ní kùtùkùtù, torí èyí tó pọ̀ nínú wọn máa rò pé ẹja ni.

Àsìkò tó yẹ ká lọ

Oríṣi séálì méjì ló wọ́pọ̀ ní Òkun Wadden. Èkíní ni séálì etíkun, tí ń bímọ ní oṣù Kẹfà àti Keje. Èkejì ni séálì aláwọ̀ eérú. Ó tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ, ìgbà òtútù ló sì ń bímọ, láti nǹkan bí oṣù Kọkànlá sí oṣù Kìn-ín-ní. Ọmọ tó bá yapa mọ́ ìyá rẹ̀ ló ń pọ̀ jù nílé ìtọ́jú lásìkò ìbímọ. Bí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn bá ti kọjá, àwọn tí aràn ti wọ ẹ̀dọ̀fóró wọn ló máa ń tẹ̀ lé e: ọmọ oṣù mélòó kan tó ń wúkọ́, tó ti gbẹ, tó sì ń fi ẹnu mí.

Oṣù Kẹjọ ló dára jù fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ wa. Ìsinmi gígùn ti bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ séálì tí wọ́n gbé wọlé ní oṣù Kẹfà àti Keje sì máa ń wà níbẹ̀ síbẹ̀, torí ìtọ́jú sábà máa ń gba oṣù méjì sí mẹ́ta. Ẹ ó rí èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wọlé, tí wọ́n ń fi túùbù bọ́, ẹ ó sì rí èyí tó ti sanra, tó ń lé ẹja fúnra rẹ̀ nínú pọ́ọ̀lù. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi orúkọ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tàn yín jẹ o. Atẹ́gùn etí òkun ibẹ̀ ní omi nínú, ó sì ń wọ egungun ju ọyẹ́ òwúrọ̀ Àkúrẹ́ lọ. Súwẹ́tà kan, jákẹ́ẹ̀tì òjò kan, bàtà tó bo ọmọ ìka ẹsẹ̀: ọmọ tí kò bá ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò tíì ṣe tán.

Iye èèyàn

Àgbàlagbà kan sí ọmọ mẹ́fà. Ọmọ 24 gba àgbàlagbà mẹ́rin, ẹ wá fi ẹnì karùn-ún kún un tí kò ní ọmọ kankan lábẹ́ ara rẹ̀. Ẹni karùn-ún yìí làwọn èèyàn máa ń yọ kúrò nígbà tí owó bá fẹ́ wọ́n, òun sì ni kò yẹ kó kúrò. Bí ọmọ kan bá bì nínú bọ́ọ̀sì, tí òmíràn fẹ́ yàgbẹ́, tí ẹ̀kẹta gbàgbé báàgì ní ibùdókọ̀, òun ló máa lọ, àwọn mẹ́rin yòókù kò ní fi ọmọ mẹ́fà mẹ́fà wọn sílẹ̀. Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ tirẹ̀, aṣọ pélébé tí wọ́n so mọ́ ọwọ́ ti tó. Kí àwọ̀ náà má mọ́lẹ̀ kọjá ààlà, kò sì yẹ kó ní ohun tó ń dún lára.

Ìwé, físà àti owó

Ibí ni ìrìn àjò ti ń bàjẹ́ jù, ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ síbẹ̀. Kò sí físà ẹgbẹ́ fún ilẹ̀ Schengen, ìyẹn àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tó ń lo físà kan náà, tí Nẹ́dálándì wà lára wọn. Kálukú ló ń gba tirẹ̀. A lè béèrè fún un láti oṣù mẹ́fà ṣáájú ọjọ́ ìrìn àjò, kò sì gbọdọ̀ din ní ọjọ́ 15. Ẹ má dúró de ìparí yẹn. Fún ìrìn àjò oṣù Kẹjọ, kí ìwé gbogbo ti wọlé ní oṣù Kẹrin tàbí Karùn-ún, torí lẹ́yìn ìgbà yẹn ni èrò máa ń pọ̀ níbi ìgbàwé. Owó físà, láti oṣù Kẹfà 2024, jẹ́ 90 yúrò fún ẹni tó ti pé ọdún 12 sókè, 45 yúrò fún ọmọ ọdún 6 sí 11, láìka owó iṣẹ́ àwọn tó ń gba ìwé. Ọmọ tó bá ti pé ọdún 12 gbọ́dọ̀ lọ tẹ̀ka fúnra rẹ̀, nítorí náà ẹ ṣètò bọ́ọ̀sì kan sí Èkó fún gbogbo wọn lọ́jọ́ kan náà dípò kí òbí kọ̀ọ̀kan máa dá lọ.

Páásípọ́ọ̀tù gbọ́dọ̀ ṣì ní oṣù mẹ́ta lórí lẹ́yìn ọjọ́ tí ẹ máa kúrò ní ilẹ̀ Schengen, kí ó sì ní ojú ìwé méjì tó ṣófo. Ọlọ́dún márùn-ún ni wọ́n ń ṣe fún ọmọ tí kò tíì pé 18. Láti oṣù Kẹsàn-án 2025, 100,000 náírà ni owó rẹ̀. Inṣọ́ránsì ìlera fún ìrìn àjò kò gbọdọ̀ din ní 30,000 yúrò fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ó sì gbọ́dọ̀ kárí gbogbo ọjọ́ tí ẹ máa lò. Ẹ fi káàdì àjẹsára ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ kún un.

Ọmọ tí kò bá bàbá àti ìyá rẹ̀ rìn gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ tí àwọn méjèèjì fọwọ́ sí, tí wọ́n ti búra sí ní kóòtù tàbí tí lọ́yà fọwọ́ sí, pẹ̀lú ìwé ìbí rẹ̀ àti ẹ̀dà páásípọ́ọ̀tù àwọn òbí. Orúkọ ló máa ń fa wàhálà jù níbi ìwé ìbí. Ọmọ tí wọ́n kọ "Oluwaseun" sí páásípọ́ọ̀tù, tí wọ́n kọ "Seun" sí ìwé ìbí, tí orúkọ bàbá rẹ̀ sì yí padà láàárín ìwé méjèèjì, ìwé ìbúra ló máa kó o yọ, ìyẹn sì máa ń gba ọjọ́. Ẹ to gbogbo ìwé sórí tábìlì kan lọ́jọ́ kan ṣoṣo, kí ẹnì kan máa ka orúkọ sókè ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, kí ẹlòmíràn máa yẹ̀ ẹ́ wò. Ó sú ni, àmọ́ ẹ ṣe é.

Ẹ kọ̀wé sí ilé ìtọ́jú náà kí ẹ tó san owó físà. Ìwé ìdáhùn wọn wà lára ohun tí ẹ máa fi sínú ìwé físà. Ẹ béèrè iye èèyàn tí wọ́n lè gbà lẹ́ẹ̀kan náà, bóyá ẹni tó máa mú yín yíká ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, aago tí wọ́n ń bọ́ ẹran, ibi tí ọmọ lè ti jẹun, àti ọ̀nà tí ẹni tí kò lè gun àtẹ̀gùn nínú yín máa gbà. Ẹ béèrè owó ìwọlé ẹgbẹ́ pẹ̀lú, kí ẹ má fi ti ẹni kọ̀ọ̀kan ṣírò.

Láti Àkúrẹ́ sí Èkó, ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ ọkọ̀ òfuurufú ni kí ẹ gbéra, lówùúrọ̀, kí ẹ sùn sí Èkó. A kò gbọ́dọ̀ kó ọmọ ọlọ́mọ sójú ọ̀nà yẹn lálẹ́. Láti pápákọ̀ òfuurufú Schiphol sí Lauwersoog, bọ́ọ̀sì tí ẹ bá háyà máa lo bíi wákàtí mẹ́ta. Bó bá jẹ́ rélùwéè, ẹ máa dé ìlú Groningen ná, ẹ ó wá wọ bọ́ọ̀sì láti ibẹ̀. Fún ọmọ 24 pẹ̀lú ẹrù, ọkọ̀ tí ẹ háyà ló dáa jù.

Ìdánrawò ní Ìgbókòdá

Kí ẹgbẹ́ yín tó kọjá òkun, ẹ kọ́kọ́ kó wọn lọ sí etí omi tiwa. Ọjọ́ kan ṣoṣo ló gbà. Ẹ kúrò ní Àkúrẹ́ ní aago 6:30 àárọ̀, ẹ gba Òǹdó, Ọ̀rẹ̀ àti Òkìtìpupa, ẹ ó dé Ìgbókòdá kí oòrùn tó mú. Àárọ̀ ni omi ń rọlẹ̀. Bí ẹ bá máa wọ ọkọ̀ ojú omi, kí gbogbo èèyàn wọ láìfù jákẹ́ẹ̀tì tó bá ara rẹ̀ mu, kí ẹ sì fa ejìká jákẹ́ẹ̀tì náà sókè láti wò ó: bí jákẹ́ẹ̀tì bá gòkè dé etí ọmọ, ó ti tóbi jù. Bí jákẹ́ẹ̀tì kò bá kárí, ẹ má wọ ọkọ̀. Etí omi náà tó fún ohun tí a wá ṣe.

Ohun tí a wá ṣe ni pé kí gbogbo wọn jókòó sí etí omi fún ìṣẹ́jú 15 láìsọ̀rọ̀, láìyọ fóònù, láìju òkúta. Ìṣẹ́jú 15 yẹn ló máa sọ òtítọ́ ẹgbẹ́ yín fún yín. Níbi ìṣẹ́jú mẹ́rin sí márùn-ún ni ẹ̀rín máa ń kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu ẹnì kan, tí gbogbo wọn á sì gbà á. Ẹ má bá wọn jà. Ẹ kàn bẹ̀rẹ̀ ìṣẹ́jú náà látòkè. Tí ó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta, wọ́n á ṣe é. Ẹ lo ìrìn àjò yìí kan náà fi mọ ẹni tí ọkọ̀ ń rìn ní inú, ẹni tí kò lè ya ìgbẹ́ sí ilé ìgbẹ́ àjèjì, ẹni tí kì í dáhùn nígbà tí wọ́n bá ń ka orúkọ. Ẹ ka iye wọn nígbàkúùgbà tí ẹ bá bọ́ sílẹ̀ àti nígbàkúùgbà tí ẹ bá padà wọlé.

Ẹja ṣáwá

Ẹ̀kọ́ tó máa ń yé ọmọ jù kí ẹ tó lọ, ọjà ni ẹ ti máa rà á. Ẹja tí wọ́n fi ń bọ́ séálì ní Nẹ́dálándì jù ni ẹja tí à ń pè ní ṣáwá, irú èyí tí ẹ ń rí nínú fírísà àwọn alẹ́ja dídì ní Ọjà Ọba. Àwọn ará Nẹ́dálándì gan-an wà lára àwọn tó ń kó ẹja dídì wá sí Nàìjíríà. Ẹ ra kílò méjì. Ẹ fi kílò kan yọ́ nínú fíríìjì láti alẹ́ di àárọ̀, ẹ fi kílò kejì yọ́ nínú oòrùn fún wákàtí mélòó kan. Kí àwọn ọmọ wá wò ó. Èyí tó yọ́ nínú fíríìjì, ikùn rẹ̀ á le, ojú rẹ̀ á ràn, ìjàgbọ̀n rẹ̀ á pupa. Ti inú oòrùn, ikùn rẹ̀ á ti rọ̀, á ti fẹ́ bẹ́, omi ara rẹ̀ á ti dà sínú abọ́, òórùn rẹ̀ á sì sọ ìyókù.

Nílé ìtọ́jú, ẹja tí ikùn rẹ̀ ti bẹ́ kì í wọ ẹnu séálì. Wọ́n ń tọ́jú ẹja sí ìwọ̀n òtútù 18 sísàlẹ̀ òdo, wọ́n ń yọ́ ọ nínú òtútù, wọ́n sì ń lò ó lọ́jọ́ kan náà. Ohun kan tún wà tí ojú kò rí: oríṣi ẹja bíi ṣáwá ní èròjà kan nínú tó ń jẹ fítámì B1, bí ẹja náà bá sì ti pẹ́ ní fírísà, fítámì yẹn á ti dín kù gan-an. Séálì tí kò bá rí B1 jẹ fún ìgbà díẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, á má lè mọ ọ̀nà tí ó ń wẹ̀ sí. Nítorí náà wọ́n ń fi nǹkan bí mílígíráàmù 25 sí 30 fítámì B1 sí kílò ẹja kọ̀ọ̀kan, wọ́n sábà máa ń ki oògùn náà bọ abẹ́ ìjàgbọ̀n ẹja tí séálì máa kọ́kọ́ gbé mì. Bí ẹ bá dé ibẹ̀ tí ẹ rí ẹni tó ń ki nǹkan bọ ẹja létí, àwọn ọmọ yín á ti mọ ohun tó ń ṣe.

Lẹ́yìn náà, ẹ wọn ọmọ kan. Ọmọ séálì tó ń dàgbà lè jẹ ẹja tó tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ìwọ̀n ara rẹ̀ lójúmọ́. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tó wọn kílò 30 á jẹ kílò mẹ́ta ṣáwá kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ kó kílò mẹ́ta ẹja sórí tábìlì, kí wọ́n fojú ara wọn rí i.

Ohun tí kò gbọdọ̀ bá yín lọ

Àkúrẹ́ ni a wà, ilé tí wọ́n ti ń sin adìẹ kò lóǹkà. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí. Àrùn adìẹ tí wọ́n ń pè ní H5N1 ti mú séálì àti ìbátan rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní kìnnìún òkun ní ọ̀pọ̀ ibi. Ní 2023, ó pa nǹkan bí 17,000 ọmọ séálì erin ní etíkun Península Valdés ní Argentina, gbogbo èyí láàárín àsìkò ìbímọ kan. Bàtà tí ọmọ fi ń wọ ilé adìẹ kò gbọdọ̀ wọ báàgì rẹ̀. Ẹ sọ fún àwọn òbí pé kí ọmọ má ṣe wọ ilé adìẹ ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìrìn àjò, kí wọ́n sì fọ aṣọ tó máa wọ lọ. Bákan náà ni ẹni tó ní ajá: àrùn kan tó jọ ti ajá pa séálì etíkun Yúróòpù tó lé ní 18,000 ní 1988, ó tún padà wá ní 2002. Ọmọ tó bá ń wúkọ́, tó ní ibà, tàbí tí inú rẹ̀ ń ṣí, kí ó dúró ní hòtẹ́ẹ̀lì pẹ̀lú ẹni karùn-ún yẹn. Ó dunni, pàápàá lẹ́yìn gbogbo owó tí wọ́n ti san, àmọ́ ibi tí ẹran aláìsàn wà kò gba àánú irú èyí.

Nínú báàgì, kílíṣí, ẹran díndín, pọ̀ǹmọ́ àti wàrà kò gbọdọ̀ wọ ilẹ̀ Yúróòpù. Ẹ máa fi wọ́n sílẹ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú, ó sì ṣeé ṣe kí wọ́n gba owó ìtanràn. Èyí tí ìyá àgbà fi pamọ́ sábẹ́ aṣọ fún ọmọ rẹ̀ ni wọ́n máa ń rí. Ẹ yẹ gbogbo báàgì wò ní Àkúrẹ́.

Ọjọ́ ìbẹ̀wò

Ẹ dé ní ìṣẹ́jú 30 ṣáájú aago yín. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni ibi àkọ́kọ́, kí gbogbo wọn lọ, kódà ẹni tó ní òun kò fẹ́. Kí wọ́n fọ ọwọ́ pẹ̀lú ọṣẹ fún ìṣẹ́jú àáyá 20. Bí tìmùtìmù tàbí abọ́ tí wọ́n rẹ sínú oògùn apakòkòrò bá wà lẹ́nu ọ̀nà, kí ọmọ dúró sínú rẹ̀ kí ìsàlẹ̀ bàtà rẹ̀ rin, kí ó má fò ó kọjá. Oúnjẹ, ṣingọ́ọ̀mù àti bisikíìtì kò gbọdọ̀ wọlé.

Ẹ pa fíláàṣì fóònù kí ẹ tó wọlé, kì í ṣe nígbà tí ẹ bá dé iwájú ẹran. Ojú séálì ni wọ́n dá fún òkùnkùn abẹ́ omi. Ìmọ́lẹ̀ òjijì máa ń já a láyà, ẹran tó bá ń bẹ̀rù kì í jẹun. Ohùn yín kò gbọdọ̀ ga ju ti ẹni tó ń bá ẹni tó jókòó tì í sọ̀rọ̀. Bó ṣe rí nínú ilé ìtọ́jú náà nìyẹn láàárín àwọn òṣìṣẹ́ pàápàá. Wọn kì í bá séálì ṣeré, wọn kì í fọwọ́ ra á, wọn kì í pè é ní orúkọ kó lè wá. Ìdí rẹ̀ ni pé séálì tó bá mọ̀ pé èèyàn ni ń fúnni lẹ́ja á máa wá ọkọ̀ àwọn apẹja kiri lẹ́yìn tí wọ́n bá dá a padà, ìyẹn ló sì ń pa á. Bí ọmọ bá bi yín pé kí ló dé tí wọn ò nífẹ̀ẹ́ rẹ̀, èyí ni ìdáhùn.

Kò sí ẹni tó máa fọwọ́ kan séálì. Ẹ sọ èyí ní Àkúrẹ́, ẹ tún un sọ nínú bọ́ọ̀sì. Ọ̀pọ̀ ọmọ ti rí fídíò níbi tí èèyàn ti ń gbá a mọ́ra, wọ́n á sì rò pé bẹ́ẹ̀ ló máa rí. Eyín rẹ̀ mú, ìbùnijẹ rẹ̀ sì lè mú ìka wú, kí oríkèé rẹ̀ sì le. Oògùn pẹnisilíìnì kì í wo àìsàn ìka yìí. Oògùn irú tẹtirasáíkílíìnì ló ń wò ó. Bí ó bá ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni níbikíbi, kí ó sọ fún dókítà pé séálì ló bù òun jẹ.

Ẹ jẹ́ kí ojú wọn ṣiṣẹ́. Ẹ wo àyíká ojú séálì: bó bá tutù, tó ní òrùka dúdú tó rin bí ẹni tí omijé ń dà lójú rẹ̀, omi ń bẹ lára rẹ̀. Kì í sunkún. Kò ní ihò tí omijé tiwa ń gbà lọ sí imú, nítorí náà òde ló ń dà sí. Èyí tí àyíká ojú rẹ̀ gbẹ ni òǹgbẹ ń gbẹ. Omi ara rẹ̀ ọ̀hún, inú ẹja ló ti ń rí i. Kò nílò kó mu omi òkun. Ẹ wo bó ṣe dùbúlẹ̀: èyí tó gbé orí àti ìdí sókè, tó tẹ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀, ara rẹ̀ balẹ̀. Èyí tó gbórí sókè tó ń wo yín láìmira, ẹ ti sún mọ́ ọn jù, ẹ padà sẹ́yìn díẹ̀. Bó bá ń fi lẹbẹ iwájú họ ikùn ara rẹ̀ léraléra, ara ń ni ín.

Bí ẹ bá bá wọn níbi tí wọ́n ti ń bọ́ èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ẹ ó rí i pé wọn kì í fún un ní wàrà màlúù. Wàrà séálì kún fún ọ̀rá, nǹkan bí ìdajì rẹ̀ ni ọ̀rá, ṣúgà wàrà kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sí nínú rẹ̀. Wàrà màlúù á ṣí i nínú títí á fi gbẹ. Omi oníyọ̀ tí wọ́n pò pọ̀ mọ́ ṣúgà ni wọ́n kọ́kọ́ ń fi túùbù fún un, lẹ́yìn náà ẹja lílọ̀, lẹ́yìn náà odidi ẹja tí wọ́n á fi sí i lẹ́nu, kí ó tó wá di pé ó ń lé e fúnra rẹ̀ nínú omi pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ibi ìkẹyìn yìí ni wọ́n ti ń mọ̀ pé ó ti lè lọ. Séálì tó lè gbé ẹja mì ṣùgbọ́n tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ kò tíì ṣe tán.

Ẹ múra sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ ikú. Kì í ṣe gbogbo ẹran tó wọlé ló ń jáde láàyè. Àwọn kan wà tí dókítà ẹranko á fún ní abẹ́rẹ́ kí ìyà má bàa pẹ́ lára wọn. Bí ọmọ bá béèrè, ẹ dá a lóhùn lọ́nà tó ṣe kedere. Bí òṣìṣẹ́ bá ń ṣàlàyé èyí, ẹ má já ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu nítorí kí ọmọ má sunkún.

Ìbéèrè tó tún máa ń wá ni ìdí tí wọn kì í fi yára gbé ọmọ séálì tó dá wà létíkun. Ní Nẹ́dálándì, wọ́n sábà máa ń ṣọ́ irú rẹ̀ fún wákàtí 24 kí wọ́n tó gbé e, torí ìyá rẹ̀ lè ti lọ wá oúnjẹ, kó sì padà wá. Èèyàn tó bá rọ̀gbà yí i ká láti yàwòrán ló ń lé ìyá náà sá.

Nígbà tí ẹ bá padà dé

Omi wa ní ẹran ọmú tirẹ̀. Mánátì wà nínú odò àti ọ̀sà ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà, ó sì bá erin tan; koríko omi ló ń jẹ jù. Ọmọ kan ṣoṣo ló sábà máa ń bí, oyún rẹ̀ sì ń lò tó ọdún kan. Òfin Nàìjíríà láti 1985 kò gba pípa rẹ̀ láyè, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko sì ti fi í sí ìpele tó le jù láti 2013. Síbẹ̀, àwọ̀n ń mú un.

Ẹ kọ́ àwọn ọmọ yín ní ohun tí ẹni tó bá bá mánátì nínú àwọ̀n máa ṣe, kí wọ́n lè sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n àti àbúrò bàbá tó ń pẹja ní Ìlàjẹ. Mánátì gbọ́dọ̀ gòkè mí, ó sì sábà ń ṣe é láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ díẹ̀, nítorí náà imú rẹ̀ ló ṣáájú: ẹ gbé orí rẹ̀ kúrò lábẹ́ omi. Ẹ gé àwọ̀n náà, ẹ má fà á. Bó bá wà lórí ilẹ̀, ẹ bò ó ní aṣọ tó rin, ẹ ṣíji bò ó, ẹ má da omi sí ihò imú rẹ̀. Ẹ má fi okùn fa ìrù tàbí lẹbẹ rẹ̀. Bó bá yá gágá, omi tí ó ti wá ni kí ẹ dá a padà sí. Ọmọ mánátì tí ẹ kò rí ìyá rẹ̀ nìkan ni kí ẹ mú dúró, láìfún un ní wàrà màlúù tàbí wàrà alágolo, títí ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀ á fi dé.

Kí ẹ tó túká, ẹ kọ nọ́ńbà ẹ̀ka ẹja pípa ní ilé iṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ ní Alágbàká, àti ti ẹ̀ka tó ń kọ́ nípa ẹja ní yunifásítì FUTA, sórí káàdì líle. Ẹ kọ́kọ́ pe nọ́ńbà méjèèjì láti mọ̀ pé wọ́n ń wọlé. Ẹ rọ káàdì náà ní rọ́bà kó má bàa rin, ẹ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní méjì: ọ̀kan fún ara rẹ̀, èkejì fún ìbátan tó ní ọkọ̀ ojú omi.